Ilẹ̀ Ń Mí, Mi Ò Yí I Padà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo mọ̀ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ilẹ̀ ń mí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣọ́ èémí rẹ̀ ní ìlú Johannesburg yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti fi mí rẹ́rìn-ín, wòlíì ti pè mí ní abọ̀rìṣà, ọmọ bíbí inú mi sì ti bẹ̀ mí lójú gbogbo ìjọ pé kí n má dójú ti òun. Mi ò yí i padà lójú wọn, mi ò sì ní yí i padà lójú ẹ̀yin náà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń wa góòlù létí odò, torí náà mo ti mọ ihò kùsà kí n tó mọ ilé ìwé. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta àti omi abẹ́ ilẹ̀, mo bá àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ díẹ̀ nílé, ọkọ mi wá rí iṣẹ́ olùkọ́ níbí, mo tẹ̀lé e. Bí mo ṣe ríṣẹ́ ò gba àlàyé. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí, mo lọ. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó yangàn, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀.

Iṣẹ́ náà rèé. Abẹ́ Johannesburg ṣófo. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi ń wa góòlù lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sí ọ̀nà, wọ́n gbẹ́ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì fi ẹ̀rọ fa omi jáde. Nígbà tí góòlù kò pé wọn mọ́, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n lọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé rẹ̀. Tiwa ni ká máa yí ká àwọn ihò àtijọ́ wọ̀nyẹn, ká ju okùn sínú wọn, ká mọ ibi tí omi dé, ká kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi, dókítà àti oníṣirò owó ni gbogbo wọn, ń pè mí ní Ìyá Oníhò. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kò sí ẹni tí kò ní sùn sínú ihò níjọ́ kan, kí wọ́n má fi mí ṣẹ̀sín.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Baba Dube, ọmọ Zulu tó ti wọ ihò kùsà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ga, ó gbẹ, ó ń wúkọ́, kì í sì í pariwo. Lédè tiwọn náà, bàbá ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin, torí náà kò nira fún mi láti kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a pàdé létí ihò kan. Kò dáhùn kíkí mi. Ó ní kí n dìde kíákíá, pé mo ti kúnlẹ̀ síbi tí mi ò tíì bèèrè bóyá ó ń mí sínú tàbí ó ń mí síta. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Ó fa òwú pupa kan yọ lápò, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń hun fìlà ọmọ tuntun, ó so ó mọ́ orí ọ̀pá gígùn. Ó ní kí n ṣí ìdérí ihò náà díẹ̀, kí n dúró síbi tí atẹ́gùn á ti máa fẹ́ láti ẹ̀yìn mi, kí n sì na òwú sí ẹnu ihò. Òwú náà tẹ̀, ó wọ inú ihò lọ bí ẹni pé ọwọ́ kan ń fà á. Ó ní ìyẹn ni sínú. Bí ó bá fẹ́ jáde, síta nìyẹn, mi ò sì gbọdọ̀ gbé imú mi sún mọ́ ibẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ tó bá ti pẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, òkúta àti igi jíjẹrà ti jẹ ohun tó dára nínú rẹ̀ tán, ó sì wúwo ju tiwa lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó bá fà á símú á kàn sùn ni.

Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: òwú ni àkọ́kọ́. Ká tó kan okùn, ká tó kan ìwé, òwú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a padà sí ihò kan tí a ti dé ní ọjọ́ tó ṣáájú. Mo rò pé a ti mọ̀ ọ́n, mo ṣí ìdérí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti ju okùn. Baba Dube fa aṣọ mi lẹ́yìn, mo fìdí jókòó sílẹ̀. Ó gba báírò lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Èémí àná lo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ òní?" Ó gbé àga kékeré kan jáde láti inú bàkí, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí a ń gbé kiri, ó gbé e síbi tí kò léwu, ó ní kí n jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí òun á fi dé, kí n máa wo òwú nìkan, kí n sì máa ka aago ojú ọ̀run, ìyẹn aago tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó.

Inú bí mi. Obìnrin tó kàwé tó èmi, wọ́n fi mí sídìí ihò bí ẹni ń ṣọ́ adìyẹ. Ṣùgbọ́n ojú mi rí nǹkan lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀, ojú ọ̀run mọ́ kedere, aago ga, òwú wọlé. Nígbà tó di ọ̀sán, òwú rọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, kò lọ, kò bọ̀. Lẹ́yìn náà ni òjò ìrọ̀lẹ́ Johannesburg, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti ìhà gúúsù. Aago wálẹ̀. Òwú náà gbéra díẹ̀díẹ̀, ó yí orí padà, ó fẹ́ jáde sí mi. Ohun kan tó tóbi ju gbogbo ìlú yìí lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mí lójú mi.

Nígbà tí Baba Dube dé, ó wo òwú náà. Ó dá báírò mi padà.

Láti ọjọ́ náà, mo ní ìwé kan tó jẹ́ tèmi, yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́. Bí mo bá ti dé ihò, mo máa ń kọ ọjọ́, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lédè wa síwájú rẹ̀: sínú, tàbí síta. Baba Dube máa ń sọ pé ilẹ̀ kì í ṣe òkú ohun tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú ọ̀run bá tẹ̀ ẹ́, ó gba èyí tó lè gbà. Ojú ọ̀run bá fúyẹ́, ó dá a padà. Wọ́n gbẹ́ ẹ ní ihò, ó fi omi dí i. Omi náà pupa bí epo, ó korò, ó ń jẹ irin, ó ń ba odò jẹ́, àwọn èèyàn sì ń ṣépè fún un. Baba Dube ní ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ń gbìyànjú láti san ni. Àmọ́ ó máa ń fi kún un pé kí n má tan ara mi jẹ: ara rẹ̀ ni ilẹ̀ ń tọ́jú, kì í ṣe èmi. Tí mo bá dúró síbi tó fẹ́ mí sí, á mí sí mi lójú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jọ mí lójú púpọ̀. Ìyá àgbà tó tọ́ mi kì í da omi gbígbóná sílẹ̀ láìkọ́kọ́ ké àgò. Àwa ọmọdé máa ń fi í rẹ́rìn-ín, pé ta ló ń kí. Á ní ilẹ̀ ni, ṣé bí wọ́n bá da omi gbígbóná sí àwa náà lára láìsọ, ó máa dùn mọ́ wa? Ẹni tó bá ṣèkà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ là ń pè é, a ò pè é ní ọ̀dàrẹ́. Àwọn baba wa mọ ẹni tó jókòó bí ẹlẹ́rìí láàárín wọn. Nígbà tí mo wá kà á níwọ̀n bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà pé àwọn onímọ̀ kan lágbàáyé ń sọ pé ayé yìí lódindi, òkúta àti omi, igi àti afẹ́fẹ́, ń ṣe bí ohun abẹ̀mí kan ṣoṣo tó ń mú ara rẹ̀ dọ́gba, bí ara wa ṣe ń làágùn kí ó má bàa gbóná jù, mo rẹ́rìn-ín. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní àsọdùn ni. Kí wọ́n máa bá a lọ. Ìyá àgbà mi ti ké àgò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Okùn tí a fi irin so nídìí, tó máa ń dún pọ́ bó bá kan omi, ni mo bá níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni okùn oníná dé, tó máa ń ké bí ìyàwó tuntun tó ń sunkún bí ó bá kan omi. Nígbà tó wá yá, wọ́n gbé àpótí kan dé tí a ó so mọ́ inú ihò, tí á máa fi ìwọ̀n omi ránṣẹ́ sórí fóònù ọ̀gá. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ò lọ sídìí ihò mọ́, orí àga ni wọ́n ti ń ka omi. Mi ò bínú sí àpótí, ó gba ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ ìrìn. Ṣùgbọ́n ibi tí omi dé nìkan ni wọ́n rán an láti mọ̀, wọn ò rán an pé kó bèèrè bí ilẹ̀ ṣe ń mí. Wọ́n yọ òwú kúrò nínú ìlànà iṣẹ́. Baba Dube ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Èmi nìkan ni mo ṣì ń gbé òwú pupa kiri nínú àpamọ́wọ́ mi.

Ọdún tó tẹ̀lé ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé tí wọ́n ṣe níbí, omi náà ti gòkè débi pé gbogbo ìlú ń sọ ọ́. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa pe ìpàdé. Mo dìde, mo ní ká dá òwú padà sínú ìlànà, torí pé bí omi ṣe ń gòkè, ó ń ti afẹ́fẹ́ burúkú síwájú, á sì máa wá ibi tí yóò gbà jáde nínú ìlú. Mo ní ilẹ̀ ń mí. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Madam, a hole is just a pipe."

Mo ní, "Ọ̀gá, imú yín náà, páìpù ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ̀ síwájú lórí ohun mìíràn. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé mo pariwo lọ́jọ́ yẹn o, torí ibi tí mo ti dákẹ́ ló ń bọ̀ yìí.

Ìjọ Aládùúrà ni mò ń lọ. A ra ilé àtijọ́ kan ní Rosettenville, a tún un ṣe, ilé náà sì dùn ún wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrá kan wà tó wọlẹ̀ díẹ̀, àtẹ̀gùn márùn-ún lèèyàn á sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀. Wòlíì wa ya ibẹ̀ sọ́tọ̀, ó pè é ní Yàrá Àánú. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i, wọ́n gbé tábìlì pẹpẹ tó ní àbẹ́là tirẹ̀ síwájú, wọ́n sì ń tan àbẹ́là mẹ́rin sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá ní ìṣòro á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á wọlé, á dojú bolẹ̀, á tọrọ àánú.

Tèmítọ́pẹ́ ọmọ mi wà lára wọn. Oníṣirò owó ni, àárín ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́, Rosettenville ló sì ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọdún keje ìgbéyàwó wọn nìyẹn, kò tíì sí ọmọ. Tópẹ́ gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn láti kékeré, mo sì ti jẹ́ kó mọ́ mi lára. Ọ̀rẹ́ mi Ìyá Bísí, tó ń rán súútánà fún gbogbo ìjọ, ló máa ń bá a dojú bolẹ̀, kí ó má bàa dá nìkan wà.

Àwọn àbẹ́là ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kò sí atẹ́gùn, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ọjọ́ kan wọ́n á jó títí, ọjọ́ mìíràn wọ́n á kú lẹ́ẹ̀kan náà, orí á sì máa fọ́ àwọn tó dojú bolẹ̀. Wòlíì ní ọ̀tá ló ń pa iná àdúrà wa. Ó ní ká ti fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ ọ̀tá má ráyè wọlé, kí a sì pẹ́ sí i lórí ìdojúbolẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá Oníhò ṣe. Èmi tí mo fi nǹkan bí ogún ọdún na òwú sí ẹnu ihò, mo dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì náà, àbẹ́là kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ ọ̀tá. Odindi oṣù mẹ́ta. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni mo jókòó nílé, tí mò ń ṣí ìwé mi láti ṣe nǹkan mìíràn. Mo rí ọjọ́ tí àbẹ́là kú ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Síta ni mo kọ síwájú rẹ̀, ní ihò kan tí kò jìnnà sí Rosettenville. Mo wo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Síta. Gbogbo ọjọ́ tí mo rántí pé àbẹ́là kú, síta. Mo wọ ọkọ̀ mi lọ sí Joubert Park, níbi tí Baba Dube ń gbé nínú yàrá kan ní àjà kẹrin, ikọ́ ihò kùsà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo rò ó fún un láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Kí ni òwú sọ?"

Mo ní mi ò na òwú níbẹ̀ rí, Baba, ilé Ọlọ́run ni.

Ó wò mí. Ó ní, "Gbogbo ọdún yẹn ni mo rò pé mo fi kọ́ ọ. Àṣé iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ lo kọ́."

Kò sí ẹgba tí wọ́n nà mí rí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Sátidé, ni àdúrà ńlá tí Wòlíì dá láti lé ọ̀tá náà jáde. Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù, mo ní kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì. Wòlíì bínú, ṣùgbọ́n àgbà ni mí nínú ìjọ, wọ́n ká a. Ìdérí irin kékeré kan wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà, ihò wà lára rẹ̀. Àwọn awakùsà àtijọ́ ló gbẹ́ kòtò abẹ́ rẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ẹni tó kọ́ ilé náà sì kọ́ ọ lé e lórí. Mo fa òwú yọ. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo na án.

Òwú wọlé.

Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Oòrùn ń ràn yòò lóde, aago ga. Ṣùgbọ́n Wòlíì pàtẹ́wọ́, ó ní ẹ wò ó, kò sí ohun tó ń jáde, ọ̀tá ti ń padà sí kòtò rẹ̀. Mo ní ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, òjò ń bọ̀, ilẹ̀ á mí síta. Ojú Wòlíì yí padà. Ó ní, "Ìyá Tópẹ́, ẹ ti gbé ìbọ̀rìṣà wọ ilé Ọlọ́run. Ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá lẹ ń bẹ̀rù ju Ọlọ́run lọ."

Mo ní mi ò bọ ilẹ̀. Mo ní Ọlọ́run tó dá a ló fún un ní imú, kí wọ́n gbé àdúrà wọn lọ sí gbọ̀ngàn òkè. Tópẹ́ di ọwọ́ mi mú. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Mummy, please. Seven years. Just this one day," ó ní. Ó wá sọ èyí tó kù ní Yorùbá, kí ó lè dùn mí dáadáa: "Ẹ má dójú tì mí."

Wọ́n sìn mí jáde. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi lẹ́nu géètì, mo ń wo ojú ọ̀run. Mo pe ọlọ́pàá, wọ́n ní ṣé èèyàn ń jà ni, mo ní rárá, wọ́n ní kí n pe ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ohun tí mo ń rò níbẹ̀ ni pé bóyá mo ṣì í. Bóyá màmá tó fẹ́ pàṣẹ fún ọmọ rẹ̀ ni mí, tí mo sì fi ilẹ̀ bojú. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ìkùukùu dúdú yọ lókè àwọn ilé. Mo so òwú mọ́ ọ̀pá, mo sọ̀ kalẹ̀.

Bàtà wọn kún ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ti pa, fèrèsé ti pa. Nígbà tí mo ṣí i, àwọn àbẹ́là orí pẹpẹ ń jó dáadáa, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ti kú. Wòlíì dúró nídìí pẹpẹ, ó ń ka sáàmù lóhùn òkè. Àwọn méjìlá tó dojú bolẹ̀ ò mira. Ó rò pé ẹ̀mí ti bà lé wọn.

Mo fi àwọn bàtà há ìdí ilẹ̀kùn kí ó má bàa padà pa. Wòlíì na ọwọ́, ó dí mi lọ́nà. Mi ò bá a jà. Mo ní, "Wòlíì, ẹ gbé àbẹ́là kan wálẹ̀ dé orúnkún yín."

Mi ò mọ ohun tó jẹ́ kó gbọ́ mi lẹ́nu. Ó mú ọ̀kan lórí pẹpẹ, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi hàn mí pé aláìgbàgbọ́ ni mí. Ó dé orúnkún rẹ̀, iná náà kú. Ó fi òmíràn tàn án, ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó tún kú. Ó wo àwọn tó wà nílẹ̀. Ó ju àbẹ́là nù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bà, ó gbé e kọ́ èjìká. Mo kígbe pé kí ó dá èémí dúró nígbàkígbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Àwa méjèèjì àti àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn òkè gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sínú òjò. Tópẹ́ ni ẹnì kẹrin. Òjò lù ú lójú, ó bì, ó ṣí ojú, ó ní, "Mummy, my head." Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún.

Àwọn mọ́kànlá jí. Ìyá Bísí kò jí.

Ìjọ fẹ́ kí gbogbo wa gbà pé Ọlọ́run pè é lórí àdúrà, pé ikú tó dára ni. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè mí. Mo ní afẹ́fẹ́ ló pa Ìyá Bísí, òun àti ìdákẹ́ mi. Mo ní oṣù mẹ́ta ni òwú wà lápò mi nínú ìjọ yìí. Àwọn kan jáde. Wòlíì kò jáde. Ó dojú bolẹ̀ níwájú pósí, lórí sìmẹ́ńtì gbọ̀ngàn òkè, ó sì pẹ́ kí ó tó dìde.

Ìjà kan ṣì kù. Ilé iṣẹ́ wa wá wo ihò náà, ọ̀gá wa ní kí wọ́n da kọnkéré sí i, kí ọ̀rọ̀ tán, kí èmi sì buwọ́ lu ìwé. Mo kọ̀. Mo ní ẹ dí imú ènìyàn, ẹ wò ó bóyá kò ní la ẹnu. Ẹ dí ihò yìí, a ó bá a lábẹ́ ibùsùn ọmọ ẹlòmíràn ní òpópónà kejì. Ẹ gbé páìpù lé e kí ó ga ju òrùlé lọ, kó máa mí sójú ọ̀run tó ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọdún díẹ̀ ló kù kí n fẹ̀yìn tì, kí n má ba ara mi jẹ́. Mo gbé ìwé mi kalẹ̀ lórí tábìlì, ogún ọdún sínú àti síta, mo ní kí wọ́n fi ojú ìwé kan hàn mí tí mo ti purọ́.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí. Wòlíì wọlé sínú ọ́fíìsì ńlá yẹn ní ẹsẹ̀ lásán, nínú súútánà funfun tí Ìyá Bísí rán. Kò jókòó. Ó ní òun ni wòlíì ìjọ náà, ẹni tó bá fẹ́ da kọnkéré síbẹ̀ á kọ́kọ́ dà á lé òun lórí. Ọ̀gá wa wo èmi, ó wo òun. "Eish," ó ní, bí àwọn ará ibí ṣe ń ké nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ. Wọ́n gbé páìpù.

Baba Dube kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ nípa páìpù. Ó bi mí bóyá mo so òwú mọ́ orí rẹ̀. Mo ní mo so ó. Ó ní, "Ó dáa," ọ̀rọ̀ ìyìn kan ṣoṣo tí mo gbà lẹ́nu rẹ̀ rí nìyẹn.

Torí náà, ẹ̀yin ọmọ, mi ò ní tàn yín pé iṣẹ́ yìí á sọ yín di olówó. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ wá iṣẹ́ tí ẹ lè gbé dé ilé, dé ìjọ, dé ibikíbi tí wọn ò ti ní fẹ́ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ń tú u sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ilé Tópẹ́ kò jìnnà sí ìjọ náà, ó máa ń rí òwú orí páìpù láti fèrèsé ìdáná rẹ̀. A ò sọ̀rọ̀ fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn ikú Ìyá Bísí. Àárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ ránṣẹ́, ó sì ti ń kọ ọ́ lárààárọ̀ láti ọjọ́ náà, ọmọ mi tí kò fi Yorùbá dá mi lóhùn láti kékeré. Mo ṣì ń ṣí ìwé mi, mo ṣì ń kọ ohun tó bá sọ síwájú ọjọ́. Èyí tó dé lónìí rèé, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú:

"Síta, Mummy. Mo ti ní kí Wòlíì ṣí fèrèsé."